Miǎnyì: Bí Àwọn Ará Ṣáínà Ṣe Ń Sọ Pé Àrùn Kò Lè Ran Ẹnìkan

Gbogbo wa ló mọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, immunity, lẹ́nu ìròyìn. Abala 308 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ni kì í jẹ́ kí wọ́n wọ́ gómìnà tó wà lórí àlééfà lọ sílé ẹjọ́. Immunity ni wọ́n ń pe ààbò yẹn. Bí ọmọ bá sì gba abẹ́rẹ́, tí àrùn kan kò lè ràn án mọ́, immunity náà ni. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Ẹni tó bá ń kọ́ èdè Ṣáínà láti inú ìwé Gẹ̀ẹ́sì, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ wa ṣe ń ṣe, lè rò pé ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn ará ibẹ̀ ń lò fún gómìnà àti fún ọmọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ti gómìnà ni 豁免 (huòmiǎn). Ti ọmọ ni 免疫 (miǎnyì), òun sì ni ẹ̀kọ́ wa lónìí.

Mo fẹ́ tú ọ̀rọ̀ yìí palẹ̀: ìró rẹ̀, ẹ̀yà ara rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń lò ó nílé àti lọ́jà, àti àwọn ọ̀rọ̀ tó yí i ká. Ìdí tí mo fi yàn án kò ju ẹyọ kan lọ. Àwọn ará Ṣáínà ní ọ̀rọ̀ mẹ́rin tó dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ohun tí àwa sábà máa ń fi "àjẹsára" nìkan sọ, ìyàtọ̀ yẹn sì kan ìlera àwọn ọmọ wa.

Bí a ṣe ń pè é

Sílébù méjì ni. Miǎn ní ohùn kẹta, yì ní ohùn kẹrin. Ohùn tiwa máa ń dúró lójú kan, yálà lókè, láàárín tàbí nísàlẹ̀. Púpọ̀ nínú ohùn tiwọn ń rìn. Bí a bá pe ohùn kẹta lóun nìkan, yóò lọ sílẹ̀ kó tó gòkè díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí sílébù tí ohùn rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀kẹta bá tẹ̀ lé e, kì í ráyè gòkè mọ́. Ìsàlẹ̀ ló ń dúró sí. Nítorí náà, ẹ pe miǎn inú miǎnyì bí ẹní ń pe ohùn ìsàlẹ̀ wa.

Ohùn kẹrin ń já bọ́ láti òkè wá sílẹ̀ nínú sílébù kan ṣoṣo. Èyí kò ṣàjèjì sí wa rárá. Ẹ pe "rárà", irú èyí tí wọ́n ń sun, kí ẹ tẹ́tí sí sílébù kejì: ohùn ìsàlẹ̀ tó tẹ̀ lé òkè máa ń já bọ́ bẹ́ẹ̀. Bí yì ṣe rí nìyẹn.

Ti fáwẹ̀lì, ẹ má jẹ́ kí àkọtọ́ tàn yín. A ni wọ́n kọ sínú miǎn, ṣùgbọ́n ẹ ni ẹnu ń pè. N tó gbẹ̀yìn kì í sì í ṣe àmì àránmúpè bíi ti inú "ẹyin". Kọ́ńsónáǹtì gidi ni. Ahọ́n gbọ́dọ̀ kan èrìgì.

Ẹ̀yà ara ọ̀rọ̀ náà

免 (miǎn) jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe tó túmọ̀ sí kí a yọ ẹnìkan kúrò nínú ohun tí ì bá kàn án, tàbí kí a bọ́ lọ́wọ́ nǹkan. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lò ó. 免费 (miǎnfèi) ni ọ̀fẹ́: wọ́n yọ ọ́ nínú owó sísan. 免税 (miǎnshuì) ni ọjà tí kò sí owó orí lórí rẹ̀. 免签 (miǎnqiān) ni ìrìnàjò tí kò gba físà. Èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò fẹ́ràn jù ni 免考 (miǎnkǎo), kí wọ́n yọ̀ǹda ẹni láti má ṣe ìdánwò.

疫 (yì) ni àjàkálẹ̀ àrùn. Ẹ wo àmì náà dáadáa. Ohun tó yí i ká láti òkè wá sí apá òsì, 疒, ni àmì àìsàn. Ẹ óò rí i nínú 病 (bìng), tó jẹ́ àìsàn, àti nínú 癌 (ái), tó jẹ́ àrùn jẹjẹrẹ. Bí ẹ bá ti rí i, ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ kí ẹ tó mọ bí a ṣe ń pè é. Yì yìí ló wà nínú 鼠疫 (shǔyì), àjàkálẹ̀ àrùn tó ń ti ara eku wá, àti nínú 疫情 (yìqíng), ọ̀rọ̀ tí gbogbo ènìyàn ń lò fún ìgbà kòrónà láti ọdún 2020.

Bí a bá so méjèèjì pọ̀, miǎnyì jẹ́ "bọ́ lọ́wọ́ àjàkálẹ̀ àrùn". Ọ̀rọ̀-ìṣe àti àbọ̀ rẹ̀ ni wọ́n lẹ̀ pọ̀. Àwọn baba wa ṣe irú rẹ̀ nínú "ayẹta": àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a-, ọ̀rọ̀-ìṣe yẹ̀, àti ọta. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé Yorùbá nílò àfòmọ́ kó tó sọ ọ́ di ọ̀rọ̀-orúkọ. Èdè Ṣáínà kò nílò rẹ̀. Miǎnyì kan náà lè jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe níhìn-ín, kó jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ lọ́hùn-ún.

Láti ara àmì méjèèjì yìí ni ọ̀rọ̀ tí Japan, Korea àti Vietnam ń lò fún ohun kan náà ti wá, oníkálukú sì ń pè é lọ́nà tirẹ̀: men'eki ní Japan, myeonyeok ní Korea, miễn dịch ní Vietnam. Ẹni tó bá mọ ọ̀kan yóò dá àwọn yòókù mọ̀.

Miǎnyì kejì

Ọ̀rọ̀ mìíràn wà tí ìró rẹ̀ bá èyí dọ́gba pátápátá, ohùn àti gbogbo rẹ̀: 免役 (miǎnyì). 役 ni iṣẹ́ tí ìjọba ń fi ipá mú ará ìlú ṣe, tàbí iṣẹ́ ogun. Miǎnyì yìí wá túmọ̀ sí kí wọ́n yọ ènìyàn kúrò nínú iṣẹ́ ìjọba. Ní ọdún 1071, lábẹ́ ìdílé ọba Song, Wang Anshi tó jẹ́ olórí ìjòyè gbé òfin kan jáde tí wọ́n ń pè ní 免役法 (miǎnyìfǎ): kí àwọn ìdílé máa san owó dípò iṣẹ́ àfipáṣe, kí ìjọba sì fi owó náà gba àwọn tí yóò ṣe é.

Kí ló kan àrùn níbẹ̀? Xu Shen, ẹni tó ṣe ìwé atúmọ̀ àmì tí a mọ̀ sí Shuowen Jiezi ní nǹkan bí ọdún 100 lẹ́yìn ikú Kristi, ṣàlàyé pé 疫 ni àìsàn tó mú gbogbo ará ìlú, àti pé láti ara 役 ni àmì náà ti rí ìró rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí apá ọ̀tún 役, ìyẹn 殳, fi jókòó sínú 疫 títí dòní.

Ẹ wá wo ibi tí immunity ti Gẹ̀ẹ́sì ti wá. Inú èdè Látìn ni: immunis, ẹni tí kò sí iṣẹ́ tàbí owó ìlú lọ́rùn rẹ̀. Láti ọ̀dọ̀ òfin ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣí lọ sọ́dọ̀ ìṣègùn. N kò sọ pé 免疫 wá láti ara 免役, nítorí ìró tó dọ́gba kò tó ẹ̀rí, gbogbo wa la sì kọ́ èyí ní ọdún kìíní. Ohun tí mo ń sọ ni pé ojú tí èdè méjèèjì fi wo ọ̀rọ̀ náà jọra. Àrùn dà bí ẹrù tí wọ́n pín kan gbogbo ìlú; ẹni tó ní ààbò ni ẹni tí wọ́n fò dá nígbà tí wọ́n ń pín in.

Lílò rẹ̀ lójoojúmọ́

Ẹ kì í sábà gbọ́ miǎnyì lásán lẹ́nu ará ilé. Èyí tí ẹ óò gbọ́ jù ni 免疫力 (miǎnyìlì). 力 (lì) ni agbára, ó sì fẹ́ràn láti lẹ̀ mọ́ ìdí ọ̀rọ̀: 视力 (shìlì) ni agbára ojú láti ríran, 听力 (tīnglì) ti etí láti gbọ́ràn, 记忆力 (jìyìlì) ti ọpọlọ láti rántí. Ohun tí lì bá ti lẹ̀ mọ́ di ohun tó lè pọ̀, tó lè dín, tó lè lọ sókè sódò. Ẹ wo gbólóhùn méjì:

我最近免疫力很低，老是感冒。
Wǒ zuìjìn miǎnyìlì hěn dī, lǎoshì gǎnmào.
Agbára ara mi ti lọ sílẹ̀ lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ṣe ni ọ̀fìnkìn ń mú mi ṣáá.

多睡觉能提高免疫力。
Duō shuìjiào néng tígāo miǎnyìlì.
Oorun tó pọ̀ lè gbé agbára ara sókè.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tó ń bá a du ipò lẹ́nu àwọn òbí ni 抵抗力 (dǐkànglì), agbára láti kọjú ìjà sí nǹkan. 小孩子抵抗力差 (Xiǎo háizi dǐkànglì chà): ara ọmọdé kì í lágbára tó láti bá àrùn jà. 抗 (kàng) yìí ni wọ́n ń lò fún ogun tí Ṣáínà bá Japan jà láti 1937 sí 1945, òun náà ló sì wà nínú 抗生素 (kàngshēngsù), oògùn apakòkòrò. Àwòrán méjèèjì kò dọ́gba: ẹni tó ní miǎnyì, àrùn fò ó dá, ẹni tó ní dǐkàng, ó bá a jà. Àwọn oníṣègùn máa ń ya méjèèjì sọ́tọ̀. Lẹ́nu ará ilé, ọ̀kan lè rọ́pò èkejì láìsí wàhálà.

Àwọn oníṣòwò náà kò sùn. Nítorí pé lì ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dún bí ohun tí a lè rọ kún inú ìgò, 增强免疫力 (zēngqiáng miǎnyìlì), "fi kún agbára ìdènà àrùn", di ọ̀rọ̀ tó ń ta ọjà. Nígbà tí àrùn SARS ń jà ní Guangdong níbẹ̀rẹ̀ 2003, ṣe ni àwọn ènìyàn ń já 板蓝根 (bǎnlángēn), egbò igi kan tí wọ́n ń pò mu, àti ọtí kíkan gbà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Ní 2023, ìjọba tún àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbà láyè lára páálí oúnjẹ aṣaralóore ṣe. Ohun tí wọ́n fi kún un kò ju ọ̀rọ̀ kékeré kan lọ: 有助于 (yǒuzhùyú), "ń ṣèrànwọ́ láti". Oògùn tó "ń fi kún agbára" wá di èyí tó "ń ṣèrànwọ́ láti fi kún agbára". Ẹni tó bá rò pé gírámà kò wúlò lẹ́yìn kíláàsì, kó ro ọ̀rọ̀ kékeré yẹn wò.

Gírámà rẹ̀: kí ló dé tí kò fi gba àbọ̀ mìíràn?

Bí ẹ bá fẹ́ sọ pé èèyi, tí àwọn mìíràn ń pè ní ìta, kò lè ran ẹnìkan, ẹ kò lè fi orúkọ àrùn náà sí ẹ̀yìn miǎnyì. Ìdí ni pé yì ti gba ipò àbọ̀ náà tán. Bákan náà ni "ṣiṣẹ́" tiwa rí: iṣẹ́ ti wà nínú rẹ̀, nítorí náà a kì í sọ pé "*ó ṣiṣẹ́ mi", "ó ṣiṣẹ́ fún mi" là ń sọ. Èdè Ṣáínà ń lo 对 (duì) bí a ṣe ń lo "fún" yẹn, àyàfi pé iwájú ọ̀rọ̀-ìṣe ni tiwọn ń dúró sí: 对麻疹免疫 (duì mázhěn miǎnyì), kí èèyi má lè ran ènìyàn.

Nígbà tí kò sí àrùn níbẹ̀

Apá yìí ló dùn jù. Duì yìí kan náà ni àwọn ọ̀dọ́ fi ń gbé miǎnyì kúrò nílé ìwòsàn:

我对广告免疫。
Wǒ duì guǎnggào miǎnyì.
Ìpolówó ọjà kò lè mú mi.

他的那些话，我早就免疫了。
Tā de nàxiē huà, wǒ zǎo jiù miǎnyì le.
Àwọn ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn, ó ti pẹ́ tí wọn kò ti ràn mí mọ́.

了 (le) tó wà nípàrí ń sọ fún wa pé nǹkan ti yí padà: tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ náà máa ń dùn mí, ní báyìí, kò já mọ́ nǹkan. Ẹ ṣàkíyèsí pé nígbà tí mo ń túmọ̀ rẹ̀, n kò lo "àjẹsára". "Mo ti ní àjẹsára sí ọ̀rọ̀ rẹ̀" kì í ṣe Yorùbá tí ènìyàn ń sọ. Àwa ní "kò ràn mí mọ́", a ní "ó ti mọ́ mi lára", a ní "etí mi ti di sí i". Méjì nínú wọn fi ara tàbí etí gbé ọ̀rọ̀ náà, ọ̀kan fi ríràn àrùn gbé e. A ti ní ẹlẹ́lọ̀ọ́ tiwa, a kàn ń gbàgbé láti lò ó nígbà tí a bá ń túmọ̀ ni.

Irúgbìn inú ara

Kí abẹ́rẹ́ ìgbàlódé tó dé, àwọn ará Ṣáínà ti ń dènà ṣànpọ̀nná. Láti ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ni àkọsílẹ̀ tó dájú ti wà: wọn á lọ èépá ojú egbò ẹni tó ti ní in, wọn á fẹ́ ẹ sí ẹlòmíràn nímú. Ọba Kangxi, tó gorí ìtẹ́ ní 1661, ti ní ṣànpọ̀nná kó sì yè é ní kékeré. Ó wà lára ìdí tí wọ́n fi yàn án, nítorí ẹni tó bá ti ní in kì í tún ní in mọ́. Òun náà ló wá mú kí ìṣègùn yìí tàn kálẹ̀.

Orúkọ rẹ̀ ni 种痘 (zhòngdòu): zhòng ni kí a gbin nǹkan, dòu ni ṣànpọ̀nná, 豆 tó jẹ́ ẹ̀wà sì wà nínú àmì rẹ̀. Nígbà tí abẹ́rẹ́ tó ti ara màlúù wá dé Guangzhou ní 1805, ọ̀rọ̀ oko kò kúrò níbẹ̀. Títí di òní, gbígba abẹ́rẹ́ àjẹsára ni 接种 (jiēzhòng), zhòng yẹn náà ló sì wà níbẹ̀. Ohun tí wọ́n ń gún sí ara ni 疫苗 (yìmiáo), "ọ̀jẹ̀lẹ́ àjàkálẹ̀ àrùn". 苗 (miáo) ni ewéko tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù, àmì rẹ̀ sì ni koríko lórí ilẹ̀ oko.

Ibi tó ti kàn wá

Ẹ jẹ́ kí a to ọ̀rọ̀ mẹ́rin náà:

疫苗 (yìmiáo): oògùn náà fúnra rẹ̀.
接种 (jiēzhòng): fífi í sí ara.
免疫 (miǎnyì): ipò ẹni tí àrùn náà kò lè ràn.
免疫力 (miǎnyìlì): bí agbára yẹn ṣe pọ̀ tó.

Àwa ńkọ́? Àjẹsára ni à- + jẹ + sí + ara, ohun tí a jẹ kó lè máa gbé inú ara. Ọ̀rọ̀ àtàtà ni. Lóòótọ́, kò sí ẹni tó ń jẹ abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í dúró síbi tí wọ́n bí i sí. Miǎnyì náà ti kúrò ní tirẹ̀: 自身免疫病 (zìshēn miǎnyì bìng) ni àìsàn tí ara ń bá ara rẹ̀ jà, kò sì sí àjàkálẹ̀ kankan níbẹ̀. Wàhálà tiwa ni pé àjẹsára ń ṣe iṣẹ́ oògùn, ó ń ṣe iṣẹ́ gbígbà á, ó tún ń ṣe iṣẹ́ ààbò tó yẹ kó tibẹ̀ wá.

Ẹ wo gbólóhùn tí kò ṣòro fún ará Ṣáínà kankan:

打了疫苗不等于有免疫力。
Dǎle yìmiáo bù děngyú yǒu miǎnyìlì.

Bí a bá fi àjẹsára túmọ̀ méjèèjì, ohun tí a óò rí ni: "Gbígba àjẹsára kò túmọ̀ sí níní àjẹsára." Ta ni yóò gbọ́ ọ? Ọ̀rọ̀ yìí sì ṣe pàtàkì. Ní Nàìjíríà, ọmọ ń gba abẹ́rẹ́ èèyi nígbà tó bá pé oṣù mẹ́sàn-án, yóò tún gba òmíràn ní oṣù 15. Ní Ṣáínà, oṣù mẹ́jọ àti oṣù 18 ni. Ìdí tó fi jẹ́ méjì ni pé àwọn ọmọ kan wà tí ara wọn kò dáhùn sí ti àkọ́kọ́. Ìyá tó gbọ́ pé "ọmọ yín ti ní àjẹsára" lóṣù kẹsàn-án lè rò pé ó parí. Kì í ṣe pé kò fetí sílẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ fún un gan-an nìyẹn.

N kò sọ pé kí a ju àjẹsára nù, n kò sì sọ pé kí a lọ máa yá miǎnyì lò. A ní ohun tí a lè fi pín in. Kí "oògùn àjẹsára" jẹ́ ti yìmiáo, nítorí òmíràn ń kán sẹ́nu ọmọ, kì í ṣe abẹ́rẹ́. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan, "bupá", wà fún jiēzhòng. Àwọn àgbà mọ̀ ọ́n láti ìgbà ṣànpọ̀nná. "Àrùn náà kò lè ràn án mọ́" tó fún miǎnyì. "Agbára ìdènà àrùn" sì tó fún miǎnyìlì. Gbólóhùn tó dijú lókè yóò wá di: "Pé ọmọ gba oògùn àjẹsára kò tíì túmọ̀ sí pé àrùn kò lè ràn án."

Ó ku ọ̀kan. Ní oṣù kẹta 2020, nígbà tí Patrick Vallance, olùdámọ̀ràn ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lórí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, sọ̀rọ̀ nípa kí àrùn má lè tàn mọ́ nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ní ààbò, 群体免疫 (qúntǐ miǎnyì) ni àwọn oníròyìn Ṣáínà pè é. 羊, àgùntàn, wà nínú 群 (qún), síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà bá ènìyàn mu. Yorùbá ní "agbo": agbo ẹran wà, agbo ijó wà. "Ààbò agbo" yóò ṣiṣẹ́ dáadáa. Kìkì pé kí a má gbàgbé àmì ohùn, kí ẹnikẹ́ni má baà kà á sí àgbo inú ìkòkò.

Ẹ dán an wò

Ẹ túmọ̀ àwọn wọ̀nyí sí Yorùbá. Àjẹsára kò gbọ́dọ̀ jáde ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

1. 我奶奶抵抗力很好。(Wǒ nǎinai dǐkànglì hěn hǎo.) Nǎinai ni ìyá bàbá ẹni.
2. 他对咖啡免疫了，喝三杯还能睡觉。(Tā duì kāfēi miǎnyì le, hē sān bēi hái néng shuìjiào.) Kāfēi ni kọfí, sān bēi ni ife mẹ́ta.
3. 学校要求学生接种疫苗。(Xuéxiào yāoqiú xuésheng jiēzhòng yìmiáo.) Yāoqiú ni kí a béèrè nǹkan gẹ́gẹ́ bí dandan.